Ẹ̀rù Mi, Ẹrù Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tó jẹ́ pé àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹ̀rù àti ẹrù. Inú ọkàn ni ẹ̀rù ń gbé, ẹnikẹ́ni kì í fojú rí i. Orí ni a fi ń ru ẹrù, gbogbo ayé ló sì ń rí ẹni tó rù ú. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ wa ti fi ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ́ wa ní àmì ohùn, n kò sì rò ó rí pé nǹkan mìíràn tún lè pa wọ́n pọ̀. Ọdún 2020 ló là mí lójú. Lọ́dún náà, ẹ̀rù àtipadà sí ọ́fíìsì bà mí, mo sì dá ọgbọ́n kan kí n má baà lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rù tí mo sá fún fi di ẹrù lórí ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà nílùú, ṣé ohun tó tọ́ ni kí òṣìṣẹ́ kọ̀ láti padà sí ẹnu iṣẹ́, àbí ohun tí kò tọ́? Kíákíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dáhùn. Àwọn ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní ẹ̀mí kò ní dúpílíkéètì. Èmi náà ti fi ìdáhùn kejì yìí ṣe àpáta rí, mo sì sá pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè náà kò dúró lórí ẹni tó ń bẹ̀rù nìkan.

Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ kéde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abùjá. Ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí a kó kọ̀ǹpútà wa lọ sílé, kí a máa ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́.

Agége ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Orí tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé. Ìyá mi kò kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Lójú tiwọn, iṣẹ́ ni kí ènìyàn wọ aṣọ kó jáde nílé. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣe ìpàdé lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti ẹ̀yìn mi yọ, wọ́n rí ojú ọ̀gá wa, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ bá mi bá ọmọ yìí wí, kì í tètè jẹun.” Gbogbo ìpàdé tú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, mo ti mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ni mo lè ṣe nílé, yàtọ̀ sí díẹ̀. Iná ọba kì í dúró, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ti íntánẹ́ẹ̀tì sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró.

Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan nígbà náà, ojoojúmọ́ ni iye àwọn tí àrùn náà ń mú sì ń lọ sókè. Ní ìparí oṣù yẹn, ọ̀gá wa kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé WhatsApp ilé iṣẹ́ wa pé kí gbogbo wa padà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà. Ìyá mi ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì tún ní àtọ̀gbẹ. A ti gbọ́ lórí rédíò títí tó ti sú wa pé irú wọn gan-an ni àrùn náà ń bá jà jù. Ikú tèmi kọ́ ni mò ń rò. Ohun tí mò ń rò ni pé kí n má lọ ti ọ́fíìsì gbé ikú wálé fún ẹni tó bí mi.

Akẹgbẹ́ mi obìnrin kan ti kọ́kọ́ sọ òótọ́ inú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ó kọ ọ́ sójú ìwé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun ṣì máa ti ilé ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdáhùn ọ̀gá wa kò ju ìlà méjì lọ: pé ẹni tí iṣẹ́ bá ti sú kó sọ, pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ nígboro. Ojú gbogbo wa ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó fọhùn, èmi náà kò fọhùn. Mo kàn fi ọ̀rọ̀ náà sínú, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀: pé òótọ́ kò lérè níbẹ̀. Ẹ rántí ibí yìí, nítorí mo ṣì máa padà sí i.

Mo lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìjọba ti ní kí àwọn awakọ̀ má kó èrò kún ọkọ̀, dánfó tí mo wọ̀ sì pa òfin náà mọ́ títí a fi dé Ilé Zik. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kó wa mọ́ra bíi ẹja inú agolo. Ọkùnrin tó jókòó tì mí fi ìbòmú rẹ̀ bo àgbọ̀n. Ní ọ́fíìsì, wọ́n gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n nínú yàrá wa, wọ́n ti fi ìṣó kan fèrèsé pa láti ìgbà tí olè ti jà wá, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà yí àwa mẹ́jọ ká. Ìyá Ìbejì, ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀, gbé tíì wá fún mi, ó dúró tì mí, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi bó ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, n kò lè wọlé. Ìyá mi ń din ata nínú ilé ìdáná, ata ta wọ́n nímú, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ́ méjì yẹn ti tó fún mi. N kò sùn mọ́jú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa: “Ẹ káàárọ̀, sà. Láti àná ni mo ti ń wúkọ́, ara mi sì gbóná. Mo rò pé ó yẹ kí n dúró sílé.” N kò wúkọ́. Ara mi kò gbóná. Nígbà tí wọ́n ní kí n pe àjọ NCDC fún àyẹ̀wò, mo ní mo ti pè, pé wọ́n ní kí n máa retí wọn. Irọ́ kan ti bí èkejì.

Mo rò pé èmi nìkan ni irọ́ náà kàn. Mo rò pé mo kàn ti ilẹ̀kùn ilé mi ni. Ṣùgbọ́n kí agogo mẹ́wàá tó lù lọ́jọ́ náà, ilé iṣẹ́ wa ti ní kí ènìyàn mẹ́rin máa lọ sílé fún ọjọ́ 14: àwọn méjì tó jókòó sọ́tùn-ún àti sósì mi, awakọ̀ tó gbé mi lọ sí báńkì, àti Ìyá Ìbejì. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ká ní òótọ́ ni mo sọ ni, ẹni ìyìn ni wọn ì bá jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jókòó tì mí pè mí láti béèrè ara mi. Òun kò bínú. Oṣù ń wọlé fún un, ó sì ń sinmi. Nínú ọ̀rọ̀ wa ló ti sọ pé Ìyá Ìbejì ń pe ọ́fíìsì ṣáá, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun padà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ wa ló gbà á síṣẹ́. Alágbàṣe kan ló mú un wá, ojúmọ́ ni wọ́n sì ń sanwó fún un: ₦1,500 fún ọjọ́ tó bá wá, òfo fún ọjọ́ tí kò bá wá. Kò tán síbẹ̀. Alágbàṣe náà ti sọ ìdí tí wọ́n fi ní kó má wá. Ó sọ ọ́ fún aládùúgbò rẹ̀ kan. Kó tó dalẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni wọ́n ń gbé ní Ìpájà, kànga kan àti balùwẹ̀ kan ni gbogbo wọn ń lò. Wọ́n ní kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ má ṣe sún mọ́ kànga mọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti sùn ló ń lọ pọn omi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò lọ jìnnà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló rìn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìtàn yìí kí n wá dáhùn ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó rọrùn láti kà á kí a sì sọ pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọ́fíìsì, òpùrọ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ mi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀rù mi kò jẹ̀bi.

Àwọn baba wa mọ àjàkálẹ̀ àrùn ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná ń jà, wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ dá orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í pe àpéjọ sí ibi tí ilẹ̀ bá ti gbóná, wọ́n sì máa ń ya ẹni tó bá mú sọ́tọ̀. Wọn kò pe ẹni tó bá yẹra fún un ní ojo. Òye ni wọ́n pè é. Ẹ̀rù tó bá rí ewu gidi, tó sì ń ronú nípa ẹni tí ewu náà lè pa, irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àléébù nínú ìwà ọmọlúàbí. Ìfẹ́ ni.

Ó tún kù. Nígbà tí ẹni tó lè ti ilé ṣiṣẹ́ bá dúró sílé, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń dáàbò bò. Ó fi àyè kan sílẹ̀ nínú dánfó fún ẹni tí kò lè dúró sílé. Ó dín ènìyàn kan kù nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, gbogbo wọn ni ara tù díẹ̀ bí ọ̀nà kò bá kún. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ṣeé ṣe nílé, tí ewu sì wà níta, n kò rí ohun tó burú nínú kí òṣìṣẹ́ fẹ́ dúró sílé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé gbé lọ sílé. Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí Patrick Sawyer gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló rí i pé àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ibà lásán. Àwọn kan fúngun mọ́ ọn kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ ọdún náà ni àrùn yẹn kan náà pa á. Ènìyàn 20 ni ó mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn ló kú. Ta ni kò mọ iye tí ì bá jẹ́ nínú ìlú tó kún bí Èkó, ká ní ó jẹ́ kí aláìsàn náà jáde? N kò gbà pé ẹ̀rù kò ba ìyá náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ẹrù yìí kalẹ̀, orí gbogbo ìlú ni yóò já lé. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí iwé ìṣirò owó tó wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá ti so mọ́ iṣẹ́ ẹni, ẹ̀rù ẹni kò tó ìdí láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa tó kù fi jẹ irú wọn ní gbèsè: ìbọ̀wọ́, aṣọ ìdáàbòbò, owó oṣù tó péye.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn ọ̀gá náà, nítorí agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òótọ́ ni pé àwọn kan fi ilé ṣe ibi oorun. Òótọ́ ni pé ẹni tuntun nínú iṣẹ́ kì í rí ẹni kọ́ ọ bí gbogbo àgbà iṣẹ́ bá wà nílé. Òótọ́ tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni èyí: kí ló dé tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì àti ẹni tó ń gbálẹ̀ yóò máa wá, tí akọ̀wé yóò sì jókòó sílé? Ṣé ẹ̀mí akọ̀wé níye lórí ju tiwọn lọ ni? Mo ronú lórí ìbéèrè yìí pẹ́. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe ìdí tó tó láti kó akọ̀wé sínú ewu. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹjọ́ tí ìbéèrè náà ń pè wá sí ni pé kí a ṣe ohun kan fún agbálẹ̀ náà.

Àdéhùn kan wà tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, ṣe ní ọdún 1981, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 155. Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ́wọ́ gbà á. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé ewu ńlá wà níbi iṣẹ́, tí ewu náà sì ti dé tán, ó lè yẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má sì fìyà jẹ ẹ́ láìtọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ní kí òṣìṣẹ́ náà tètè sọ fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ojú tì mí, nítorí mo rí i pé àwọn tó ṣe òfin náà ti so nǹkan méjì pọ̀ tí èmi tú sílẹ̀: ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù, àti ojúṣe láti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó bá mú ọ̀kan láìmú èkejì, ó ti da òfin náà.

Ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, mo lọ bá ọ̀gá wa, mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí oò sọ òótọ́ fún mi?” Mo ní, “Ẹni tó sọ òótọ́ ṣáájú mi, sà, ojú gbogbo wa ni ẹ ti pè é lọ́lẹ.” Wọn kò dáhùn. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí fún mi, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó máa ti ilé ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ ìṣó kúrò lára fèrèsé. Wọ́n pín wa sí ọ̀wọ́ méjì, kí a má baà wà nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo èyí ni wọ́n lè ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí a bá ti ń na òótọ́ ní pàṣán, irọ́ ni yóò máa bímọ níbẹ̀. N kò sọ èyí láti fi gba ara mi sílẹ̀. Ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó hù lé lórí, a jọ tú u ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ sí Ìpájà. Mo kó ₦18,000 dání, owó ọjọ́ iṣẹ́ 12 tó wà nínú ọjọ́ 14 náà. Mo ti rò pé bí mo bá ti san án, ó parí nìyẹn. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, mo rí àwọn ìyá tó jókòó létí kànga, mo sì mọ̀ pé owó nìkan kò lè ṣe é. Ibi tí irọ́ mi ti ba nǹkan jẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ òótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣàìsàn tí kò sí, pé kò sí nǹkan kan tó ṣe Ìyá Ìbejì. Ọ̀kan nínú wọn wò mí látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ẹ kàwé!” N kò lè dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì kò pariwo mọ́ mi. Ní ọ́fíìsì, “Àǹtí” ni wọ́n máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bí mi lọ́mọ. Wọ́n ka owó náà, wọ́n wé e mọ́ ìdí ìró. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Láti oṣù Kẹrin tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láti gbálẹ̀ ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Kò sẹ́ni tó bi mí ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Gbogbo àríyànjiyàn wa nípa ọ́fíìsì àti ilé, nípa ọ̀lẹ àti ẹ̀mí, àwa tí wọ́n lè bi léèrè là ń bára wa ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé e kà, inú ọkọ̀ ló máa ń gbé e wọ̀ láàárọ̀, á sì tún gbé e padà wálé lálẹ́. Òun gan-an ni a máa ń pè ní akíkanjú, nígbà tó jẹ́ pé ebi ló ń lé e.

N kò ní sọ pé ohun gbogbo wá dára. Nígbà tí a pín ara wa sí ọ̀wọ́, mo dábàá pé kí Ìyá Ìbejì náà máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, kí owó rẹ̀ má sì dín. Alágbàṣe rẹ̀ kọ̀. Àwa òṣìṣẹ́ dá owó jọ láti fi dí ọjọ́ tó kù. Oṣù àkọ́kọ́, gbogbo wa dá a. Oṣù kejì, a ku márùn-ún. Oṣù kẹrin, èmi àti awakọ̀ nìkan ló kù, ìyá náà sì ní ká má ṣe ìyọnu mọ́, ó padà sí ojoojúmọ́. Mo kọ́ nínú ìyẹn náà pé àánú tí kò bá sí nínú ìlànà, kì í pẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ìpele 12 wá sí ìsàlẹ̀ dúró sílé ní ìparí ọdún 2020, títí di ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá ọdún 2021 tí wọ́n pè wọ́n padà, oṣù wọn ń wọlé. Agbálẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ alágbàṣe kò sí lórí ìpele kankan.

Kí wá ni ìdáhùn mi? Mo gbà pé ẹni tí ewu gidi wà níwájú rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣeé ṣe nílé, lè bẹ̀bẹ̀ pé òun kò fẹ́ padà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n kó fi òótọ́ bẹ̀bẹ̀, ní gbangba, kó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kejì tí èmi kò bi ara mi: bí mo bá sọ ẹrù yìí kalẹ̀, ta ni yóò gbé e? Bí kò bá sẹ́ni tó máa gbé e, kó sọ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ẹnìkan bá máa gbé e, kó wá bí wọ́n ṣe máa sanwó ẹrù náà fún un kó tó yí ẹ̀yìn padà. Àwọn ọ̀gá náà ní tiwọn: kí wọ́n ṣí etí sílẹ̀ fún òótọ́, kí wọ́n má fi ìtìjú san án lẹ́san.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìkan nìyí. Lọ́jọ́ tó bá kàn ọ́ láti gbá kíláàsì, tí o sì sọ pé orí ń fọ́ ọ, ẹnìkan wà tó máa gba ìgbálẹ̀ yẹn mú. Orí rẹ lè máa fọ́ lóòótọ́, bí ó bá sì ń fọ́, sọ ọ́, kí o sinmi. Ṣùgbọ́n mọ orúkọ ẹni tó bá ọ gbá a, kí o sì bá a gbá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó pè é lójo. Ọmọ tí a bá gbọ́ ẹ̀rù rẹ̀ kò ní nílò àtipurọ́.

Ìyá mi kò kó àrùn náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ dé Abùjá ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, wọ́n sì gba tiwọn nígbà tó kàn wọ́n. Mo ti padà sí ọ́fíìsì pátápátá báyìí. Bí Ìyá Ìbejì bá gbé tíì wá, mo máa ń dìde gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń bi wọ́n bí ara ti rí. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, “A dúpẹ́.” Nígbà mìíràn wọ́n á jókòó, wọ́n á sì sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù fún mi.